Ìyàwó Columbo: Àyẹ̀wò Ẹ̀dá Ìtàn Aláìfojúhàn Nínú Eré Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́

Nínú àwọn eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀dá ìtàn tí awuyewuye rẹ̀ pọ̀ tó ti ìyàwó Columbo kò wọ́pọ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ọkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí òǹwòran kankan kò fojú kàn rí. Richard Levinson àti William Link ni wọ́n ṣẹ̀dá Columbo, ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìlú Los Angeles, Peter Falk ló sì ṣe é nínú fíìmù 69 láti ọdún 1968 títí di 2003. Ẹ̀dá ìtàn aláìfojúhàn ni àpilẹ̀kọ yìí pe irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀, ìyẹn ẹni tí àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì ń ti ìtàn síwájú, àmọ́ tí kò ní òṣèré tó ń ṣe é. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ eré náà ń jiyàn lé lórí ni bóyá obìnrin yìí wà nínú ayé ìtàn, èyí tí í ṣe ayé tí Columbo fúnra rẹ̀ ń gbé, tàbí ó kàn jẹ́ irọ́ tí ọlọ́pàá fi ń ṣiṣẹ́.

Bí a ṣe hun eré náà ló bí iyàn yìí. Àwọn tó mọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Kọ́lá Akínlàdé mọ̀ pé ta ni apànìyàn ni ìbéèrè tó máa ń gbé ìtàn ró, débi pé ìbéèrè náà gan-an ló fi ṣe àkọlé Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? Ti Columbo kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé òǹwòran ti sábà máa ń rí apànìyàn níbi tó ti ń pànìyàn, bí ọwọ́ yóò ṣe tẹ̀ ẹ́ ló kù. Olówó tàbí ọ̀mọ̀wé agbéraga ni apànìyàn náà lọ́pọ̀ ìgbà. Columbo á wá wọlé tọ̀ ọ́ nínú ẹ̀wù òjò tó ti rún, sìgá lọ́wọ́, Peugeot 403 ògbólógbòó níta, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìyàwó rẹ̀. Nínú Swan Song, ti ọdún 1974, olórin tí Johnny Cash ṣe ti pa aya tirẹ̀, síbẹ̀ ohun tí Columbo ń sọ fún un ni pé ìyàwó òun fẹ́ràn orin rẹ̀. Afurasí gbọ́ ìyìn, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là. Bí a bá ka gbogbo irú ìyìn bẹ́ẹ̀ pọ̀, a jẹ́ pé kò sí gbajúmọ̀ apànìyàn kan ní Los Angeles tí obìnrin yìí kò fẹ́ràn!

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ní kò sí ìyàwó kankan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Levinson àti Link kò fi pamọ́ pé Porfiry Petrovich ni àwọn wò ṣe Columbo, ìyẹn olùwádìí ọ̀ràn inú Crime and Punishment, ìwé tí Fyodor Dostoyevsky ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà kọ ní 1866. Àpọ́n ni Porfiry, ṣùgbọ́n a gbọ́ nínú ìwé náà pé ó ti sọ fún àwọn ojúlùmọ̀ rẹ̀ rí pé òun fẹ́ gbéyàwó, ó dá aṣọ tuntun, wọ́n sì ń kí i kú oríire, kó tó hàn pé kò sí ìyàwó níbì kankan, pé ó kàn ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Fíìmù àkọ́kọ́ pàápàá, Prescription: Murder ti 1968, dá lórí ìyàwó èké: dókítà tó ń tọ́jú àrùn ọpọlọ kọlu aya rẹ̀ láti pa á, ó mú àlè rẹ̀ wọ aṣọ aya náà, wọ́n jọ wọ ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì díbọ́n pé àwọn ń jà títí obìnrin náà fi bínú sọ̀ kalẹ̀, kí àwọn èrò lè jẹ́rìí pé aya ṣì wà láàyè. Eré tó fi ìyàwó èké bẹ̀rẹ̀ kò lè bínú sí òǹwòran tó bá ń fura.

Bí Columbo bá ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn tirẹ̀ nìkan ni a ń gbọ́, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá sì ni àgbà òṣìkà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò mọ sí ẹnu Columbo. Nínú Troubled Waters, ti 1975, tọkọtaya náà wọ ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lọ sí Mẹ́síkò nítorí pé orí ìyàwó ni tíkẹ́ẹ̀tì já sí nínú ìdíje tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Columbo ń wá a kiri inú ọkọ̀, àwọn ẹlòmíràn níbẹ̀ sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tí àwọn náà ti bá pàdé. Wọn kì í ṣe afurasí, wọn kò sì rí èrè kankan nínú pípurọ́ fún ọlọ́pàá. Ìdí kan náà ni iyàn kò fi sí lórí Maris, aya Niles nínú eré Frasier, bí òun náà kò tilẹ̀ yọjú rí: ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ àti bàbá ọkọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń ráhùn lórí rẹ̀.

Ẹ̀rí tó dà bí èyí tó lágbára jù ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá. Ní 1979, iléeṣẹ́ NBC gbé Mrs. Columbo jáde, Kate Mulgrew sì ṣe ìyàwó náà gẹ́gẹ́ bí akọ̀ròyìn tó ń tú ọ̀ràn. Levinson àti Link kò fara mọ́ ọn. Ọdún 1955 ni wọ́n bí Mulgrew, a jẹ́ pé nígbà tí Columbo tí Falk ṣe kọ́kọ́ ń dárúkọ ìyàwó rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù Èrèlé 1968, ọmọ ọdún 12 ni òṣèré yìí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yí orúkọ eré náà padà, wọ́n sọ obìnrin náà di Callahan tó ti kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, eré ọ̀hún kò sì kọjá 1980.

Rest in Peace, Mrs. Columbo, ti 1990, ló yẹ kí a gbé ìdájọ́ kà. Columbo ti fi ọkọ obìnrin kan sẹ́wọ̀n, ọkọ náà sì kú síbẹ̀. Obìnrin yìí wá pinnu láti fi májèlé pa ìyàwó Columbo kí ojú òun náà lè rí màbo. Níbi ìsìnkú ni fíìmù náà ti bẹ̀rẹ̀, pósí wà nílẹ̀, Columbo ń ṣọ̀fọ̀, àṣé pàkúté ni gbogbo rẹ̀. Fọ́tò tí apànìyàn náà rò pé ti ìyàwó ni kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn aláìgbàgbọ́ máa ń di fọ́tò yìí mú, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn ní ló ń fi pamọ́ fún ọ̀tá. Ìyàwó ń bẹ. Ohun tí ọkọ rẹ̀ fi sí i lẹ́nu ni kò ṣeé gbára lé.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2003 ni fíìmù tó kẹ́yìn jáde. Kò sí òṣèré tó ṣe ìyàwó Columbo nínú rẹ̀, bí kò ṣe sí nínú 68 tó ṣáájú.