Iná Tó Ti California Dé Ajah

Ọkọ̀ Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún 1975 ní iná tó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀ tàbí bí bátìrì kò bá gba agbára mọ́. Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, lọ́dún yẹn kan náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tó lè sọ pé púlọ́ọ̀gì kan ti kú, tàbí pé epo tí kàbúrétọ̀ ń bù fún ẹ́ńjìnì ti pọ̀ jù. Etí mẹkáníìkì ló ń gbọ́ ìyẹn.

Ìmọ̀ tó jinlẹ̀ ni. Ọ̀gá á ní kí ọmọ iṣẹ́ sítáàtì ọkọ̀, á tẹ́tí, á wá máa yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹ́ńjìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Wáyà tó bá yọ tí ìró ẹ́ńjìnì kò yí padà, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Á tú púlọ́ọ̀gì náà, á wo ẹnu rẹ̀: bó bá dúdú kirikiri, epo ti pọ̀ jù, bó bá funfun, epo kò tó, ẹ́ńjìnì sì ń gbóná kọjá ààlà. Á gbóòórùn èéfín sáléńsà. Ọmọ iṣẹ́ ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ gbogbo èyí kó tó gba fíríìdọ̀ọ̀mù, láìsí ìwé kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Nígbà tí irú mẹkáníìkì bẹ́ẹ̀ ń jayé orí rẹ̀ ní Múṣin àti Yábàá, ilẹ̀ tóóró tó wà láàárín ọ̀sà Èkó àti òkun, láti Lẹ́kí dé Ajah, ṣì jẹ́ ilẹ̀ apẹja àti àgbẹ̀. Ìjọba Lateef Jákàńdè (1979 sí 1983) ló là á já pẹ̀lú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù keje ọdún 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó àdúgbò Máròkó, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì pàdánù ilé. Díẹ̀ nínú wọn ni wọ́n kó lọ sí Ilasan àti Ikota. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó kù ṣì jẹ́ gbèsè lọ́rùn Èkó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀sítéètì ń yọ ní tẹ̀lé-ǹ-tẹ̀lé, ọkọ̀ ń tẹ̀lé e, mẹkáníìkì sì ń pàgọ́ sórí pílọ́ọ̀tì tí olówó kò tíì kọ́ ilé sí. Bí ilé bá ti dìde níbẹ̀, ó di kí wọ́n palẹ̀ mọ́, kí wọ́n tún sún mọ́ Ajah, Badore tàbí Sangotedo.

Ibi tí iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì, èyí tó ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lónìí bí ẹ́ńjìnì bá ní ìṣòro, ti wá jìnnà sí gbogbo èyí. Nítorí afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Arie Haagen-Smit, fi hàn pé èéfín ọkọ̀ tí oòrùn pa ló di kùrukùru tó ń ta àwọn ará Los Angeles lójú. Ìpínlẹ̀ California bẹ̀rẹ̀ sí í ṣòfin. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1988, wọ́n ní dandan ni kí ọkọ̀ máa ṣọ́ ara rẹ̀, kó sì tan iná bí ohun tó ń dín èéfín kù bá bàjẹ́. Nígbà tó fi di ọkọ̀ ọdún 1996, gbogbo Amẹ́ríkà ti gba ìlànà kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní OBD-II: sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò 16 kan lábẹ́ sítíárì, àti kóòdù tó jọra fún ilé iṣẹ́ gbogbo.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà yẹn gan-an ni púpọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ Èkó ti ń wá. Láti ìgbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé (SAP) ti ọdún 1986 ti já náírà wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́. Èbúté Kutọnu ní ilẹ̀ Benin àti Apapa ló wá ń bọ́ ọjà wa, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀nà Kutọnu, tó fòfin de gbígba ẹnubodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2017. Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy, Accord tí wọ́n ń pè ní End of Discussion: àwọn méjèèjì gbé kọ̀ǹpútà wá, èyí tí gbogbo gáréèjì mọ̀ sí bírénì-bọ́ọ̀sì.

Ìgbà àkọ́kọ́ yẹn le. Ẹni tó mọ etí lò kò ní ohun tó lè fi ka kóòdù, nítorí náà wọ́n ń méfò. Wọ́n á ní kí onímọ́tò ra púlọ́ọ̀gì, iná kò lọ. Kó ra kọ́ìlì, kò lọ. Kó lọ wá bírénì-bọ́ọ̀sì ní ọjà páàtì Ládípọ̀. Àwọn mìíràn ń tú bátìrì kí iná lè kú fún ọjọ́ méjì. Àwọn kan tilẹ̀ ń yọ gílóòbù rẹ̀ kúrò lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kí wọ́n tó ta ọkọ̀ náà. Olè jíjà ni.

Síkáánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù, ló yí i padà. Lónìí, èyí tó kéré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ kò wọ́n mọ́, rìwáyà (oníṣẹ́ iná ọkọ̀) púpọ̀ sì ní tirẹ̀ nínú àpò irinṣẹ́. Síbẹ̀, agbègbè tí àìsàn wà ni kóòdù ń sọ, kì í dárúkọ páàtì tó jẹ̀bi. P0171 ní atẹ́gùn ti pọ̀ jù fún epo tó ń wọlé: ó lè jẹ́ rọ́bà tó ya, sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn tó dọ̀tí, tàbí pọ́ǹpù epo tí kò lágbára mọ́. P0300 ní ẹ́ńjìnì ń míìsì káàkiri. P0420 ní catalyst inú sáléńsà kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ catalyst l'Ékòó ni wọ́n ti gé tà fún àwọn tó ń ra irin iyebíye inú rẹ̀, nígbà míì láìjẹ́ kí ẹni tó ni ọkọ̀ mọ̀. Kí sẹ́ńsọ̀ tuntun tó wọlé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dán rọ́bà wò, kó wo ẹnu púlọ́ọ̀gì, kó tẹ́tí. Iṣẹ́ àwọn àgbà Múṣin yẹn ṣì ni.

Ilẹ̀ Lẹ́kí náà ní ìyọnu tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkun oníyọ̀ ń jẹ ẹnu wáyà. Nínú omíyalé oṣù keje ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mu omi níbi tí wọ́n dúró sí, omi sì lè dé inú bírénì-bọ́ọ̀sì kí àmì rẹ̀ tó yọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ti pọ̀ jù wọ Nàìjíríà, àwọn awakọ̀ sì ń figbe ta pé ọkọ̀ wọn bàjẹ́. Mẹkáníìkì tó bá pàrọ̀ ìńjẹ́kítọ̀ nígbà yẹn láìbéèrè ibi tí oníbàárà ti ra epo jẹ oníbàárà ní gbèsè. Nígbà tí owó ìrànwọ́ epo sì kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí jálá kan fò láti abẹ́ 200 náírà dé ìtòsí 500, kò sẹ́ni tó tún lè fojú di ẹ́ńjìnì tó ń fi epo ṣòfò.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù ní Ajah, kó yí kọ́kọ́rọ́ sí ọ́ọ̀nù kó tó sítáàtì, kó wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá gbéra. Bí kò bá tàn rárá, kó béèrè ìdí. Bó bá sì ń ṣẹ́jú lójú ọ̀nà, kó dẹwọ́ iyára, kó pa á níbi tí kò léwu, kó pe ẹni tó ní síkáánà, tó sì tún ní etí.