Ẹ̀rí Ẹnu Nínú Ìwé Ìrìn-Àjò Lewis àti Clark, 1804–1806

1. Ìfáàrà

Ní ọdún 1803, ìjọba Amẹ́ríkà ra ilẹ̀ Louisiana lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Ààrẹ Thomas Jefferson rán Meriwether Lewis, ẹni tí ó mú William Clark mọ́ra, pé kí ó tọ odò Missouri gòkè lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí ó sì wá ọ̀nà dé Òkun Pàsífíìkì. Nínú ìwé àṣẹ ọjọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún náà, Jefferson pa á láṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe àkọsílẹ̀ fínnífínní, kí wọ́n sì ṣe àdàkọ rẹ̀ nítorí ewu ọ̀nà. Wọ́n gbéra ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 1804, wọ́n sì padà dé St. Louis ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1806. Àkọsílẹ̀ àwọn ọ̀gá méjèèjì àti ti mẹ́rin nínú àwọn ọmọ-ogun wọn ni ó wà lọ́wọ́ àwọn òpìtàn.

Ó ti pẹ́ tí a ti ń pe ibi tí wọ́n gbà kọjá ní ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yà sí máàpù. Bébà yìí ń jiyàn pé àkọsílẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ta ko èrò yìí. Apá pàtàkì nínú ohun tí a ń kà bí ẹ̀rí ojú jẹ́ ẹ̀rí ẹnu tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onílẹ̀. Òṣùwọ̀n ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ó sì yẹ kí a fi wọ̀n ọ́n.

2. Máàpù Àwọn Onílẹ̀

Yorùbá ní àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn arìnrìn-àjò yìí mọ èyí. Ìgbà òtútù ọdún 1804 sí 1805 ni wọ́n lò nítòsí àwọn ìlú Mandan àti Hidatsa, níbi tí wọ́n ti ń bi onílé léèrè ọ̀nà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1805, Clark kọ ọ́ pé Sheheke, olórí kan láàrin àwọn Mandan, jẹun lọ́dọ̀ àwọn, ó sì ya àwòrán ilẹ̀ náà fún òun títí dé àwọn òkè gíga.

Ní oṣù Kẹjọ, Lewis dé góńgó òkè tí ó pín omi níyà. Ó ti rò pé odò tí yóò gbé wọn dé òkun kò ní jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n òkè mìíràn ni ó rí níwájú. Ní ọjọ́ 14, Cameahwait, olórí àwọn Shoshone, fa ipa odò sórí ilẹ̀, ó kó iyanrìn jọ ní òkìtì-òkìtì láti dúró fún àwọn òkè, ó sì sọ pé odò náà kò ṣeé gbà. Ní oṣù Kẹsàn-án, Twisted Hair, olórí kan láàrin àwọn Nez Perce, ya ipa odò tí ó kù fún wọn sára awọ àgbọ̀nrín ńlá funfun.

3. Yíyẹ Ẹ̀rí Náà Wò

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rí yìí ni ó wúwo bákan náà. Clark fi ojú ara rẹ̀ lọ wo odò tí Cameahwait sọ. Ó rí i pé òótọ́ ni. Ọ̀ràn àwọn Hidatsa yàtọ̀. Wọ́n ti sọ pé òṣoorò ńlá kan wà lórí odò Missouri, àti pé rírù tí wọn yóò ru ẹrù kọjá rẹ̀ kò ní ju ààbọ̀ máìlì lọ. Òṣoorò náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ni ó sì fi hàn pé odò tí àwọn ọ̀gá méjèèjì yàn ni odò tòótọ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti rò pé òmíràn ni. Ṣùgbọ́n márùn-ún ni òṣoorò náà, nǹkan bí máìlì 18 ni wọ́n sì ru ẹrù. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé nítorí orí ẹṣin ni àwọn Hidatsa ń gbà kọjá níbẹ̀, wọn kò ka ìyà ẹni tí ó gbé ọkọ̀ ojú omi lérí.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé etí òǹkọ̀wé tún ṣe pàtàkì. Sacagawea ni ó ń túmọ̀ èdè Shoshone sí Hidatsa. Charbonneau, ọkọ rẹ̀, á sọ ọ́ ní Faransé. Labiche á wá sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Gbólóhùn Cameahwait tí ó bá gba ọ̀nà yìí dé ọ̀dọ̀ Lewis ti gba ẹnu ẹni mẹ́ta kọjá.

4. Ẹni Tí Kò Kọ̀wé

York, ẹrú Clark, bá wọn lọ, ó sì bá wọn bọ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá ọdún 1805, nígbà tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ibi tí wọn yóò gbé ní ìgbà òtútù, Clark kọ èrò York sílẹ̀ pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n padà, àwọn ọmọ-ogun gba owó àti ilẹ̀. York kò gba nǹkan kan. Àwọn lẹ́tà tí Clark kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, ni ó jẹ́ kí a mọ̀ pé York fẹ́ wà nítòsí ìyàwó rẹ̀ ní Kentucky, àti pé èyí bí olówó rẹ̀ nínú. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan láti ọwọ́ York fúnra rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ kò kọjá ohun tí àwọn ẹlòmíràn, àti olówó rẹ̀ pàápàá, rí i pé ó yẹ ní kíkọ.

5. Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀dà tí Nicholas Biddle ṣètò ní ọdún 1814 sọ àkọsílẹ̀ náà di ìtàn kan ṣoṣo tí ó ń ṣàn geerege. Ẹ̀dà Gary Moulton, tí ó jáde láàrin ọdún 1983 sí 2001, tò ó padà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ó fi ṣeé ṣe láti fi ti ẹnì kan wé ti ẹnì kejì. Ìfiwéra yìí ni ó ń fi hàn ibi tí òǹkọ̀wé ti rí nǹkan fúnra rẹ̀ àti ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Òpìtàn tí ó bá ń kọ ẹ̀rí ẹnu sílẹ̀ nítorí pé a kò kọ ọ́, tí ó sì ń gba ìwé Lewis àti Clark wọlé láìbéèrè, ẹ̀rí ẹnu kan náà ni ó gbà. Yíǹkì tí ó wà lára rẹ̀ nìkan ni ó fi yàtọ̀.