Ta Ló Ń Sanwó Bọ́tìnì Ìdádúró?

 

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mò ń wo fíìmù kan lórí fóònù. Màmá mi pè mí láti pálọ̀, wọ́n ní kí n wá bá wọn wo iná ẹ̀rọ tó ń ṣẹ́jú. Mo tẹ bọ́tìnì ìdádúró, mo lọ, mo padà dé, mo tún un tẹ̀, fíìmù sì ń bá a lọ láti ibi tó dúró sí gan-an. Mi ò ronú nípa ẹ̀ rárá. Àfìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ìwádìí fún ètò tòní ni mo tó mọ̀ pé nǹkan kékeré tí mo ṣe yẹn ti jẹ owó àwọn olówó rí.

Ìlú Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ni mò ń mú yín lọ. Lóṣù kìíní ọdún 1993, ilé-iṣẹ́ Time Warner kéde pé àwọn máa kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan síbẹ̀ tí wọ́n pè ní Full Service Network. Gerald Levin ni ọ̀gá wọn nígbà yẹn. Ìlérí tí wọ́n ṣe ni pé èèyàn á jókòó sílé ẹ̀, á fi rìmóòtù mú fíìmù tó bá wù ú lásìkò tó bá wù ú, á dá a dúró, á dá a padà sẹ́yìn, á sáré síwájú, bí ẹni ń lo kásẹ́ẹ̀tì, láìsí kásẹ́ẹ̀tì kankan nílé. Á tún lè rajà lórí tẹlifíṣọ̀n, kó ta géèmù pẹ̀lú ará àdúgbò. Ẹ rántí pé ọdún 1993 là ń sọ o. Ìwọ̀nba èèyàn ló tíì gbọ́ nípa wẹ́ẹ̀bù.

Kí ló wá le nínú ẹ̀? Tẹlifíṣọ̀n tá a mọ̀ látijọ́ dà bíi bọ́ọ̀sì ńlá. Aago méje ló ń gbéra, ẹ wà níbẹ̀ o, ẹ ò sí níbẹ̀ o, ó ti lọ. Èèyàn mílíọ̀nù kan lè wọ̀ ọ́, kò ní náni ju bí ẹni pé èèyàn kan ló wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti ní kí oníkálukú lè dá tiẹ̀ dúró, ẹ ti fún oníkálukú ní mọ́tò tiẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tí fíìmù bá ń gba mẹ́gábíìtì 3 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fíìmù wákàtí méjì á tó nǹkan bíi gígábáìtì 2.7. Lónìí, ìyẹn á wọnú fóònù, àyè á sì ṣẹ́kù. Lọ́dún 1994, háàdì dísíìkì inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ilé ò tó ìlàjì ẹ̀. Tí èèyàn 1,000 bá wá ń wò ó lẹ́ẹ̀kan náà, tí kálukú wà níbi tó wù ú nínú fíìmù, gígábíìtì 3 ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa tú jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò gbọ́dọ̀ sinmi. Tó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, àwòrán á dì.

Wàhálà míì tún ni pé fíìmù kan ṣoṣo ni gbogbo ayé máa ń fẹ́ wò. Tí fíìmù tó lókìkí bá wà lórí dísíìkì kan, dísíìkì yẹn á kú síṣẹ́, àwọn tó kù á máa sùn. Ọgbọ́n táwọn onímọ̀ ẹ̀rọ dá sí i ni pé wọ́n gé fíìmù sí wẹ́wẹ́, wọ́n pín in sórí ọ̀pọ̀ dísíìkì. Ẹ wo ibi ìnáwó: tí gbogbo jọ̀lọ́ọ̀fù bá wà lọ́wọ́ obìnrin kan, ìlà á gùn dé títì. Tí wọ́n bá bù ú sí kúlà mẹ́wàá káàkiri àgbàlá, kálukú á jẹun. Ọgbọ́n yẹn ò kú o, ó ṣì wà nídìí ọ̀pọ̀ nǹkan tí à ń lò lónìí.

Nílé-iṣẹ́ IBM, Dan, Sitaram àti Shahabuddin gbé ọ̀nà míì kalẹ̀ lọ́dún 1994. Wọ́n ní ẹ jẹ́ kí àwọn tó béèrè fíìmù kan náà dúró díẹ̀, kí ẹ kó wọn pọ̀, kí ẹ fi ọ̀nà kan ṣoṣo gbé fíìmù fún gbogbo wọn. Ó mọ́gbọ́n wá, àbí? Àfi tí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnì ìdádúró. Nígbà tó bá fi padà dé, ẹgbẹ́ ẹ̀ ti lọ. Torí náà, ẹ gbọ́dọ̀ fi àwọn ọ̀nà kan pamọ́ sẹ́yìn fún irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó, èmi tí màmá mi ń pè yìí gan-an ni ìṣòro wọn.

Ní Orlando, wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró. Silicon Graphics pèsè sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé fíìmù jáde. Okùn fáíbà gbé e dé àdúgbò, wáyà kébù sì gbé e wọlé. Dékódà tí Scientific Atlanta ṣe ní ṣípù MIPS R4000 nínú, ìran ṣípù tó wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn tó ń ya àwòrán fún fíìmù Hollywood. Ní kúkúrú, wọ́n gbé kọ̀ǹpútà olówó iyebíye sílé ẹni tó fẹ́ wo fíìmù lásán. Ọjọ́ 14, oṣù kejìlá, ọdún 1994 ni wọ́n ṣí i, lẹ́yìn tí wọ́n ti sún un síwájú. Ilé díẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ilé 4,000 ni wọ́n ń lépa.

Ó sì ṣiṣẹ́! Ohun tó máa ń dùn mí nìyẹn nígbà tí àwọn èèyàn bá ní ó kùnà. Bọ́tìnì ìdádúró ṣiṣẹ́. Àmọ́ dékódà kan ń ná wọn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là, nígbà tó jẹ́ pé dọ́là mélòó kan ni èèyàn fi ń yá kásẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù ìtòsí. Lọ́dún 1997, wọ́n kéde pé àwọn máa tì í pa.

Ẹnì kan ti kúrò nídìí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú. Jim Clark, tó dá Silicon Graphics sílẹ̀, fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1994 kan náà. Òun àti Marc Andreessen kọ́kọ́ rò ó pé àwọn máa ṣe nǹkan fún tẹlifíṣọ̀n irú èyí. Wọ́n yíwọ́ padà, wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tó di Netscape sílẹ̀, wẹ́ẹ̀bù sì gba ayé kan.

Lórí wẹ́ẹ̀bù náà, wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ ṣe é bí tàtijọ́. Lóṣù kẹrin 1998, òfin kan tó ń jẹ́ RTSP jáde, ará Netscape sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Nínú ẹ̀, fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín á ránṣẹ́ sí sáfà pé "dúró", sáfà á sì máa rántí ibi tẹ́ ẹ dé. Ó dáa, àmọ́ ẹ fojú inú wo sáfà tó ń rántí ibi tí mílíọ̀nù èèyàn dé. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n yí i padà pátápátá. Apple gbé HLS jáde lọ́dún 2009, DASH sì di ìlànà gbogbogbòò lọ́dún 2012. Nínú àwọn méjèèjì, wọ́n gé fíìmù sí ègé ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, wọ́n kó o síbẹ̀ bíi fáìlì yòókù. Sáfà ò rántí ẹnikẹ́ni. Fóònù yín ló ń béèrè ègé tó kàn, òun ló ń pinnu bóyá kó mú èyí tó mọ́ dáadáa tàbí èyí tó ṣókùnkùn. Tẹ́ ẹ bá tẹ ìdádúró, kò sí nǹkan tí sáfà ní í ṣe.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí rèé. Owó tó pa Orlando ò pòórá, àwa la gbé díẹ̀ nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dá fíìmù dúró, fóònù ṣì lè máa gba ègé tó kù níwájú fún ìgbà díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá ní ẹ ò wò ó mọ́, ẹ ti fi dátà ra fíìmù tí ẹ ò rí. Tẹ́ ẹ bá dá a padà sẹ́yìn jù, ó lè tún ègé kan náà gbà. Lọ́dọ̀ ẹni tó ní wáyà nílé, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Lọ́dọ̀ ẹni tó ń ra dátà lọ́jọ́ọjọ́ ńkọ́?

Àwọn kan níbí ti ro ìyẹn. iROKOtv, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011 láti máa gbé fíìmù Nollywood sórí íntánẹ́ẹ̀tì, yí ojú sí áàpù Android lọ́dún 2015, kí èèyàn lè dáwúnlóòdù fíìmù, kó wá wò ó láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ká sòótọ́, kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n padà sí: gbà á lẹ́ẹ̀kan, dá a dúró iye ìgbà tó bá wù ẹ́.

Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì màmá mi ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní kì í jẹ dátà lóòótọ́, àmọ́ téèpù ló máa ń jẹ, pàápàá tẹ́ ẹ bá dá a dúró pẹ́ jù. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.