Ta Ló Ni Ẹfọ̀n Ara Aṣọ Yìí?

Àwa tá a dàgbà láàárín Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkókómáíkò mọ̀ pé ojú ọ̀nà Kútọnu là ń gbé. Látàárọ̀ làwọn ọlọ́kọ̀ ti máa ń ké "Àgbádárìgì! Sẹ̀mẹ̀!" sí wa létí. Òkèèrè tó sún mọ́ wa jù lọ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ ra ohun ìrántí wálé. Ọ̀rọ̀ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ, torí ó ti dójú tì mí rí.

Ní oṣù Kejìlá 2022, mo rí aṣọ dúdú kan ní ìsọ̀ kan ní Kútọnu. Wọ́n gé aṣọ pupa àti funfun, wọ́n fọwọ́ rán an mọ́ ọn, ẹfọ̀n ńlá sì wà láàárín. Mo ná an títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀fẹ́, mo gbé e lọ fún bàbá mi. Ẹ̀gbá ni wọ́n. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló ni ẹfọ̀n yìí?" N ò mọ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ tó o ń kọ ìwé ìròyìn! Lọ wádìí ẹ̀ wá."

Ohun tí mo rí nìyí. Iṣẹ́ Abomey, olú ìlú àwọn ọba Dàhòmì, ni aṣọ náà. Ọba ni àwọn aránṣọ ìdílé Yemadje ń rán an fún láyé àtijọ́, kì í ṣe fún mẹ̀kúnnù. Ọba kọ̀ọ̀kan ló ní àmì tirẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni ti Agaja, tó gba Ouidah ní 1727. Kìnnìún ni ti Glele, ẹja ekurá ni ti Behanzin. Ẹfọ̀n? Ghezo ló ni ín, ẹni tó jọba láti 1818 sí 1858.

Ghezo yìí náà ló kó ogun wá bá Abẹ́òkúta ní oṣù Kẹta 1851, tòun ti àwọn obìnrin ajagun rẹ̀. Àwọn Ẹ̀gbá lé wọn padà. Glele tún gbìyànjú ní 1864, kò rí i ṣe. Ṣùgbọ́n ní 1886, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ run Kétu. Àṣé àmì ọ̀tá àwọn baba ńlá wa ni mo fowó rà, tí mo fẹ́ gbé kọ́ ògiri pálọ̀!

Mo padà lọ jíṣẹ́, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Gbé e kọ́. Ogun ti parí. Àwọn ọmọ á máa béèrè, àwa náà á sì máa ròyìn."

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀ fún wa? Lákọ̀ọ́kọ́, ká tó béèrè iye, ká béèrè ìtàn. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà á sọ ọba tó ni àmì náà fún yín.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ síta. Bó bá jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi rán an, ẹ ó rí ojú abẹ́rẹ́ tí kò dọ́gba. Bó bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá ní "ti ayé àtijọ́ ni, láti ààfin ló ti jáde," ẹ yẹra. Bó bá jẹ́ irọ́, wọ́n gbá yín. Bó bá jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ ẹrù olè. Àwọn ọmọ ogun Faransé wọ Abomey ní 1892, wọ́n kó ẹrù ààfin lọ. Oṣù Kọkànlá 2021 ni Faransé tó dá 26 padà nínú rẹ̀. Ẹ má ra eyín erin náà o: láti 1989 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò láti fòfin de òwò rẹ̀ káàkiri ayé.

Ìkẹyìn, ẹ nájà, ẹ má rẹ́ni jẹ. Nígbà tí mo dé Abomey fúnra mi, mo jókòó ti aránṣọ kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò tíì rán ìdajì ẹranko kan tán. Mo rántí owó tí mo san lórí ẹfọ̀n tèmi. N ò lè wo ojú rẹ̀.

Bí ẹ bá yà sílé wa, ẹ béèrè ẹfọ̀n náà. Màá ròyìn.