Àfonífojì Ikú ní Amẹ́ríkà: bí a ṣe ń yan ìrìn ẹsẹ̀ nínú aṣálẹ̀, tí a sì ń padà wálé láyọ̀

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ pé òun kò mọ oòrùn. Ẹni tó ti dúró de ọkọ̀ ní Ìwó Róòdù ní ọ̀sán gangan oṣù Kẹta, tàbí tó ti bá bàbá rẹ̀ kọ ebè ní oko Ṣakí, gbà pé kò sí ooru tó lè ṣe òun ní àjòjì. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí fi yẹ kí àwọn ènìyàn wa tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn tó ń gbé Los Angeles àti Las Vegas, fara balẹ̀ kà, àti àwọn ẹbí tó ń lọ kí wọn ní àsìkò ìsinmi. Oòrùn ilé yàtọ̀ sí oòrùn aṣálẹ̀. Ẹni tó bá fi ìmọ̀ èyí wọ inú tọ̀hún lè má padà bọ̀.

Ibi tí à ń sọ ni Death Valley, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ Àfonífojì Ikú. Ìpínlẹ̀ California ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, apá kan sì wọ ìpínlẹ̀ Nevada. Bí wákàtí méjì ni ènìyàn yóò fi wa mọ́tò débẹ̀ láti Las Vegas. Àwọn Timbisha Shoshone ni onílẹ̀ ibẹ̀ láti ayébáyé, wọ́n sì ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Àwọn òyìnbó tó ń wá wúrà lọ sí California, tí wọ́n ṣìnà wọ ibẹ̀ ní ìparí ọdún 1849, ni orúkọ burúkú náà ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ìjọba Amẹ́ríkà fi ilẹ̀ náà sí abẹ́ ààbò ní 1933, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1994. Ó tóbi ju ìlọ́po mẹ́ta ìpínlẹ̀ Èkó lọ.

Ìdí tí ooru ibẹ̀ fi yàtọ̀

Ibi tí wọ́n ń pè ní Badwater, tí iyọ̀ funfun tẹ́ lọ bí ẹní, fi mítà 86 rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ. Kò sí ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ tó o ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá gbójú sókè láti ibẹ̀, yóò rí òkè Telescope Peak, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 3,368. Àwọn òkè ńlá tó wà ní ìwọ̀-oòrùn ni wọ́n ń gba òjò tó ń bọ̀ láti òkun, tí àfonífojì náà kì í fi í rí ju nǹkan bíi mìlímítà 50 lọ́dún. Òjò ọjọ́ kan ṣoṣo ní Èkó lè ju èyí lọ.

Nítorí pé kò sí igi tàbí koríko tó bo ilẹ̀, oòrùn ń jó erùpẹ̀ ní tààrà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gòkè, ṣùgbọ́n àwọn òkè méjèèjì sé e mọ́; á tún rọ̀ padà sísàlẹ̀, á sì túbọ̀ gbóná sí i bó ti ń rọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 1913, ooru afẹ́fẹ́ ní Furnace Creek dé ìwọ̀n 56.7 ti Celsius, àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé sì ṣì kà á sí ooru tó ga jù lọ tí a tíì wọ̀n láyé. Ní 1972, wọ́n wọn ilẹ̀ fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ́ 94. Ẹ rántí pé 100 ni omi ń hó.

Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn wa jẹ ni òógùn. Nílé, bí ooru bá mú wa, òógùn á rin aṣọ, ojú wa á sì rí i pé omi ń jáde lára. Nínú aṣálẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn ti ń gbẹ kí a tó fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá mọ bí ọyẹ́ ṣe ń yára gbẹ aṣọ tí a sá lè fojú inú wo ohun tí à ń wí: kí ó fi gbígbẹ ọyẹ́ kún ooru tó ju ti oṣù Kẹta lọ. Omi ń tán lára, ṣùgbọ́n ara kò fi hàn, òùngbẹ pàápàá sì lè pẹ́ kó tó dé.

Bí a ṣe ń yan ọ̀nà tí a ó rìn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè bí ọ̀nà ti gùn tó. Ìbéèrè kẹta ni ìyẹn yẹ kó jẹ́. Ti àkọ́kọ́ ni oṣù àti wákàtí, ti èkejì sì ni gíga ilẹ̀.

Láti oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta ni ó dára jù láti fẹsẹ̀ rìn nísàlẹ̀ àfonífojì náà. Láàrin oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹsàn-án, ooru ibẹ̀ kì í ṣe eré. Àwọn aláṣẹ ọgbà náà gba àlejò níyànjú pé ní ìgbà ooru, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rìn ní ilẹ̀ ìsàlẹ̀ mọ́ bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀ bá ti lù. Ó ṣeni láàánú pé oṣù Keje àti Kẹjọ, tí ọmọ ilé ìwé ń gba ìsinmi, tí ẹbí ń ti ilé wá kí ara wọn, ni ó burú jù.

Ní ti gíga, bí a bá gun òkè ní mítà 1,000, ooru máa ń fi ìwọ̀n Celsius bíi mẹ́fà sí mẹ́sàn-án dín kù. Nítorí náà, ọ̀nà kúkúrú nísàlẹ̀ lè pa ènìyàn ní ọjọ́ tí ọ̀nà gígùn lórí òkè tura fún ẹlòmíràn.

Díẹ̀ nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ jù nìwọ̀nyí. Natural Bridge, tí àpáta ti di afárá sórí ọ̀nà, kò ju kìlómítà kan àti ààbọ̀ lọ ní àlọ àti àbọ̀. Ó bá ọmọdé mu ní ìgbà òtútù. Golden Canyon gba àárín àpáta aláwọ̀ wúrà dé ibi àpáta pupa ńlá, ó sì tó kìlómítà márùn-ún ní àlọ àti àbọ̀. Mosaic Canyon ju kìlómítà mẹ́fà lọ bí a bá rìn ín dé òpin, àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tí a ó fi ọwọ́ gun àpáta. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ òkè ni gbogbo wọn wà, kì í ṣe ìrìn ọ̀sán oṣù Keje. Lórí òkè, Wildrose Peak tó kìlómítà 13 ààbọ̀, Telescope Peak sì lé ní kìlómítà 22, pẹ̀lú gígun òkè tó tó mítà 900. Àwọn méjèèjì yẹ fún ìgbà ooru, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ òkè ni ó lè ṣe é. Ní ìgbà òtútù, yìnyín máa ń bo wọ́n.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2023 fi hàn pé ìmúra nìkan kò tó bí wákàtí kò bá dára. Ọkùnrin kan, ẹni ọdún 71, ṣubú lọ́sàn-án ní ẹnu ọ̀nà Golden Canyon, ó sì kú. Ó dé fìlà oòrùn, ó wọ aṣọ ìrìn, ó gbé àpò sẹ́yìn. Ooru ọjọ́ náà dé nǹkan bíi 49, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà sì fura pé ọwọ́ ooru wà nínú ikú rẹ̀. Hẹlikópítà kò lè wá gbé e, nítorí afẹ́fẹ́ tó bá gbóná jù máa ń fẹ́lẹ́, kì í lè gbé ọkọ̀ òfurufú ró bó ti yẹ. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa: ọjọ́ tí ooru bá le jù ni ìrànlọ́wọ́ máa ń ṣòro jù láti dé.

Ìmúra

Omi ni àkọ́kọ́. Ó kéré tán, gálọ́ọ̀nù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, ìyẹn bíi lítà mẹ́rin, tàbí píọ́ wọ́tà mẹ́jọ tiwa. Ẹni tó ń rìn nínú ooru nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí omi mìíràn tún wà nínú mọ́tò. Bí ìdajì omi tí a gbé bá ti tán, kí a yí padà, ì báà ṣe pé a kò tíì dé ibi tí à ń lọ. Omi nìkan kò sì tó, nítorí iyọ̀ ń bá òógùn jáde. Ẹ jẹ ẹ̀pà oníyọ̀ tàbí ìpápánu mìíràn tó ní iyọ̀. Ẹ má mu ọtí.

Aṣọ fífúyẹ́ tó fẹ̀, tó gùn dé ọrùn ọwọ́, ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Akẹtẹ̀ tí etí rẹ̀ fẹ̀ sàn ju fìlà lọ. Bàtà gbọ́dọ̀ bo ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, àlejò kan láti Belgium sọ sálúbàtà rẹ̀ nù lórí òkìtì yanrìn Mesquite Flat. Yanrìn náà jó àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú ẹran, àwọn àlejò mìíràn ni wọ́n gbé e dé ibi ìgbọ́kọ̀sí. Hẹlikópítà kò lè balẹ̀ nísàlẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sórí ilẹ̀ gíga.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kò sí ní ọ̀pọ̀ ibi nínú ọgbà náà, ẹ̀rọ atọ́nà inú mọ́tò sì máa ń darí ènìyàn sí ọ̀nà tí kò dára. Ẹ mú máàpù oníwèé dání. Ẹ yà ní Furnace Creek kí ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ nípa ojú ọjọ́ àti ọ̀nà tí wọ́n tì. Ẹ sọ fún ẹnì kan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti wákàtí tí ẹ ó padà. Ìwọ̀n Fahrenheit ni wọn yóò fi bá yín sọ̀rọ̀: 100 wọn jẹ́ bíi 38 tiwa, 120 wọn sì jẹ́ bíi 49.

Ewu mìíràn lójú ọ̀nà

Àgbàrá ń pani nínú aṣálẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ le, kì í fa omi mu kíákíá, òjò tó rọ̀ sórí òkè lókèèrè sì lè ya wọ ọ̀nà tóóró láàrin àpáta nígbà tí ojú ọ̀run mọ́ lórí ẹni. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kẹjọ ọdún 2022, òjò wákàtí díẹ̀ mú bíi ẹgbẹ̀rún ènìyàn há sínú ọgbà náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, òjò ọdún kan rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n sì ti ọgbà náà pa fún nǹkan bí oṣù méjì. Bí ìkìlọ̀ òjò bá wà, ẹ má wọ àárín àpáta.

Ẹ má ki ọwọ́ bọ ihò tàbí abẹ́ òkúta tí ojú yín kò rí. Àkekèé wà níbẹ̀, ejò tí ń mi ìrù bí ṣẹ́kẹ́rẹ́ náà wà. Ẹ má sì wọ inú àwọn kòtò ìwakùsà tí wọ́n ti pa tì.

Bí mọ́tò bá bàjẹ́, ẹ dúró tì í. Ní oṣù Keje ọdún 1996, ìdílé kan láti Jámánì, ènìyàn mẹ́rin, wa ọkọ̀ tí wọ́n háyà wọ ọ̀nà eléruku tó jìnnà. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó rí ọkọ̀ náà, táyà rẹ̀ ti jò. Wọ́n ti fi í sílẹ̀, wọ́n ti fẹsẹ̀ rìn lọ. Ọdún 2009 ni wọ́n tó rí egungun àwọn àgbà inú wọn. Mọ́tò tóbi ju ènìyàn lọ, ó rọrùn láti rí látòkè, ó sì ní òjìji.

Àmì tí a gbọ́dọ̀ mọ̀

Ẹ̀fọ́rí, òòyì, èébì, iṣan tó ń fà àti àárẹ̀ òjijì jẹ́ àmì pé ooru ti ń borí ara. Kí ẹni náà dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó wá òjìji, kí ó tú aṣọ lára, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n máa fẹ́ ẹ, kí ó sì máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sọ ìsọkúsọ, tí kò mọ ibi tó wà mọ́, tàbí tó dákú, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Ẹ pe 911 níbi tí fóònù bá ti lè lọ, ẹ da omi sí i lára kí ara rẹ̀ tutù kíákíá, ẹ má sì fi tipátipá da omi sí ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Ẹbí tó bá dé ní oṣù Keje lè rí àfonífojì náà láìfi ara wewu. Ẹ gbé wọn lọ sí Dante's View ní òwúrọ̀ kùtù. Mọ́tò ń dé orí òkè náà, gíga rẹ̀ ju mítà 1,600 lọ, láti ibẹ̀ ni wọn yóò sì ti rí iyọ̀ Badwater tó tẹ́ lọ nísàlẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ rìn lórí rẹ̀ lọ́sàn-án, nítorí pé ọmọ Nàìjíríà ni òun, oòrùn kò lè ṣe òun ní nǹkan kan, ẹ má gbà fún un. Kí ó padà wá ní oṣù Kejìlá.