Albáníà: Bí Ilẹ̀ Tó Ti Ara Rẹ̀ Mọ́lé Ṣe Di Ibi Ìgbafẹ́

Ẹni tó bá dúró létí òkun Ksamil, ní gúúsù Albáníà, yóò máa wo erékùṣù Corfu ti ilẹ̀ Gíríìsì ní ọ̀ọ́kán. Omi tó là wọ́n láàárín kò fẹ̀. Síbẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí àwọn ará Yúróòpù ń rọ́ lọ gbafẹ́ ní Corfu, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yà sí òdìkejì nígbà náà. Oòrùn ibẹ̀ kò yàtọ̀, òkun ibẹ̀ kò yàtọ̀. Ìjọba Albáníà ló ti ilẹ̀kùn.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Ní 1809, Byron, akéwì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, la orí òkè kọjá lọ kí Ali Pasha, alákòóso agbègbè náà, ní Tepelenë. Ó ra aṣọ àwọn ará ibẹ̀, òun ló sì wọ̀ nínú ọ̀kan lára àwọn àwòrán rẹ̀ tó lókìkí jù. Edith Durham, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tirẹ̀, rìn káàkiri òkè àríwá, ó sì kọ ìwé High Albania, tó jáde ní 1909. Lórí òkè wọ̀nyẹn, òfin ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Kanun ló ń darí ìgbé ayé. Àlejò tó bá kanlẹ̀kùn, wọn kì í lé e. Bí ẹnìkan bá pa á lára, onílé tó gbà á sílé ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀san. Lójú tèmi, ìwà ìgbàlejò yìí níye lórí ju etíkun èyíkéyìí lọ.

Enver Hoxha, olórí ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì, gba ìjọba ní 1944, kò sì gbé e sílẹ̀ títí tó fi kú ní 1985. Ó bá Yugoslafia jà, ó bá Sófíẹ́tì jà, ó sì bá Ṣáínà náà jà níkẹyìn. Ó fòfin de ẹ̀sìn ní 1967. Ó kọ́ ilé ààbò oníkọnkéré, àìmọye wọn, sí oko, sí etíkun, àní sí itẹ́ òkú. Àlejò díẹ̀ tó ń wọlé, Albturist, iléeṣẹ́ ìjọba, ló ń kó wọn kiri. Ọkùnrin onírùngbọ̀n ní láti fá a ní ibodè.

Ìjọba náà wó ní 1991. Ní 1992, UNESCO ka Butrint, ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Gíríìsì, Róòmù àti Venice gbé rí, mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n ní 1997, àwọn iléeṣẹ́ sogúndogójì forí ṣánpọ́n, wọ́n sì gbé owó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Ìlú dàrú, wọ́n kó ìbọn lágọ̀ọ́ ológun, wọ́n sì jí ère kó ní Butrint. Ẹ̀rù tún ba àlejò fún ọdún púpọ̀. Gjirokastër, ìlú olórùlé òkúta tí wọ́n ti bí Hoxha, wọ inú ìwé UNESCO ní 2005. Berat tẹ̀ lé e ní 2008. Nígbà tó fi di 2023, àwọn àjèjì tó wọ ilẹ̀ náà lé ní mílíọ̀nù 10, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onílùú kò pé mílíọ̀nù 3.

Ibi tó ń kọ mí lóminú nìyẹn. Lọ́dún 2023 kan náà, lẹ́yìn ìjà ọlọ́dún gbọọrọ pẹ̀lú àwọn tó fẹ́ sé odò Vjosa, ìjọba sọ odò náà di ọgbà ìpamọ́ orílẹ̀-èdè. Síbẹ̀, lákòókò náà, wọ́n tún ń kọ́ pápákọ̀ òfuurufú fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ nítòsí Vlorë, lẹ́bàá ẹnu odò yìí gan-an, níbi tí àwọn ẹyẹ aṣíkiri ti ń sinmi.