Páàdì àti Ọyẹ́: Ìtàn Àtúnṣe Kilarinẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí Johann Christoph Denner ṣe kilarinẹ́ẹ̀tì ní ìlú Nuremberg, ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1700, irin ìtẹ̀ méjì péré ló fi sí i lára. Awọ pẹlẹbẹ ló ń dí ihò nígbà náà, afẹ́fẹ́ sì ń jò lábẹ́ rẹ̀; bí irin ìtẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni jíjò ń pọ̀ sí i. Iwan Müller, afọnkilarinẹ́ẹ̀tì kan, ló wá ojútùú sí i. Ó ki irun àgùntàn sínú awọ, ó sọ ọ́ di páàdì rírọ̀, ó sì gbé kilarinẹ́ẹ̀tì onírin ìtẹ̀ mẹ́tàlá jáde ní 1812. Ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ orin Paris kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn afọnfèrè gbà á. Páàdì yìí ló bí iṣẹ́ àtúnṣe bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, torí ohun rírọ̀ kì í pẹ́ gbó.

Kilarinẹ́ẹ̀tì dé ọ̀dọ̀ wa náà: ní Èkó, láàárín àwọn ọdún 1930, Calabar Brass Band tí Azukwo Bassey ń darí ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú tùǹpẹ́ẹ̀tì àti tòròm̀bóònù. Ilé iṣẹ́ àwo orin Parlophone gba orin wọn sínú àwo lórúkọ Lagos Mozart Orchestra.

Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ wa kì í ṣàánú igi tí wọ́n fi ń ṣe kilarinẹ́ẹ̀tì. Ní Ìgbàrà-Òkè, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà, òjò a máa mú kí páàdì wú, kí sípíríǹgì sì dípẹtà. Bí ọyẹ́ bá dé, igi á súnkì, òrùka irin ibi oríkèé á tú. Apá òkè ló sábà máa ń sán, nítorí èémí gbígbóná ń wú u nínú nígbà tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń fún un lóde.

Atúnṣe tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ mú gúlù. Á fi àtẹ́lẹwọ́ dí ìsàlẹ̀ apá òkè, á fi ìka dí àwọn ihò, á wá fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sẹ́nu. Bí kò bá dúró, ó ń jò. Á ya bébà sìgá tẹ́ẹ́rẹ́, á tì í sábẹ́ páàdì kọ̀ọ̀kan, á rọra pa á dé, á sì fà á: èyí tí bébà bá yọ́ jáde lábẹ́ rẹ̀ wẹ́rẹ́ ni yóò pààrọ̀. Ibi tó sán ńkọ́? Ìyẹ̀fun igi kan náà àti súpà gúlù ni yóò fi dí i, á sì yún un títí yóò fi dán. Bí ó bá là gan-an, á gún irin tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá rẹ̀. (Káfíńtà tó bá kàn da gúlù sí i, wàhálà ló dá sílẹ̀.)

Igi tí wọ́n fi ń ṣe kilarinẹ́ẹ̀tì ọ̀hún, tí wọ́n ń pè ní mpingo, láti Tanzania àti Mozambique ló ti ń lọ sí Faransé, kó tó padà sọ́dọ̀ wa lówó gọbọi. CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko, dè é ní 2017, ó sì yọ ohun èlò orin tí wọ́n ti ṣe tán sílẹ̀ ní 2019. Ilé iṣẹ́ Buffet Crampon tún ń fi ìyẹ̀fun rẹ̀ àti fọ́nrán kábọ̀n ṣe kilarinẹ́ẹ̀tì Greenline, tí ọyẹ́ kì í mú sán. Fún akẹ́kọ̀ọ́ tiwa, èmi á ní kó ra oníke, kó sì fi owó tí ì bá fi tún igi ṣe ra páàdì tuntun àti kọ́ọ̀kì ibi oríkèé.